Ẹ̀bẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Mi

Ilé Alhaji Bàdírù,
Lẹ́yìn mọ́sáláṣí,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Èkó.
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ọmọ mi Ummusalamah,

Àsàlámù àláékùm. Mo kí ọ, mo kí ìyá rẹ kékeré tó gbà ọ́ sílé ní Òṣogbo, mo sì kí gbogbo ará ilé náà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara yín le bí ara tèmi ṣe le, nítorí èmi ò ní àtọ̀gbẹ, mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ṣì ń gun orí tírélà láìdi nǹkan kan mú. Ìyá rẹ Sàfíátù náà wà dáadáa, àfi pé láti ìgbà tí o ti lọ, kì í bá mi sọ ju ‘oúnjẹ ti délẹ̀’ lọ.

Mo ti pè ọ́ títí. Fóònù rẹ ń dún, o ò gbé e. Mo fẹ́ ní kí Benson, akọ̀wé mi, bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ọkàn mi ní rárá, ọwọ́ ẹlòmíì ni mo yá lọ́jọ́ yẹn tí nǹkan fi bàjẹ́. Nítorí náà ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, ọwọ́ ẹni tó kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta ní Ìsẹ́yìn. Bí mo bá ṣi nǹkan kọ, ṣe sùúrù fún mi. Ìyókù tí mo mọ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi.

O mọ ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Àpò kan ṣoṣo ni mo gbé wọ Èkó. Nígbà tí mo jẹ́ mọ́tòbọ́ì, abẹ́ tírélà ni mo ń sùn sí ní Wharf Road, òjò á máa rọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Lónìí, tí o bá dúró lójú títì tí ò ń wo àwọn tó ń gbé kọnténà jáde, kò ní pẹ́ tí o máa rí orúkọ Bàdírù lára ọ̀kan. Àwọn tó kàwé dé yunifásítì ń pè mí ní ‘sà’. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dí, èmi ni wọ́n ń wá. Màá lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀kùn, màá kí i, màá bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, màá sọ ẹni tí mo jẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé kì í dá rìn. Ìwé tí kò bá lẹ́ni tó ń tẹ̀lé e, abẹ́ àwọn ìwé yòókù ló máa sùn sí. Èyí ni mo mọ̀. Òun ló sọ mí dèèyàn, òun náà ni mo sì fi ba ọ̀nà rẹ jẹ́.

Nígbà tí o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà yìí, yẹ̀yẹ́ ni mo fi ọ́ ṣe. Mo ní ẹ wá wo ọmọ Bàdírù tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún òyìnbó. O jókòó tì mí, o là á yé mi pé áàpù tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà ni, pé kò sí ẹni tó dá ni ín, gbogbo ayé ló jọ ni ín. Ẹni tó bá rí àléébù lára rẹ̀ á sọ ọ́ ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe á gbé àtúnṣe tirẹ̀ wá, ohun tí ẹ ń pè ní pááṣì, àwọn tó kù á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ní, ‘Bíi ti ẹni tó ń lẹ táyà?’ O rẹ́rìn-ín, o ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, àmọ́ táyà kan náà ni gbogbo wa ń gùn.’

Àléébù tí ìwọ rí, inú ọ́fíìsì mi lo ti rí i. Benson kọ orúkọ gbogbo ẹrù ọjọ́ kan sínú áàpù náà, bó ṣe ní kó tọ́jú rẹ̀ ni NẸ́PÀ mú iná lọ. Ká tó tan jẹnẹrétọ̀, ká tún kọ̀ǹpútà ṣí, ojú ìwé ti mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo fẹ́ lé Benson lọ. Ìwọ lo ní, ‘Ẹ má lé e, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.’ O ní ńṣe ni áàpù náà kọ́kọ́ ń nu ti àtijọ́ kúrò kó tó kọ tuntun sílẹ̀, tí iná bá wá lọ láàárín méjèèjì, àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì dé. O ní àwọn tó ṣe é kò rí i rí nítorí pé iná ọ̀dọ̀ tiwọn kì í ṣẹ́jú.

O sọ fún wọn, ẹnì kan níbẹ̀ ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Lo bá gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì wá sílé. Wàá kọ̀wé, wàá fa wáyà yọ, wàá tún kọ, wàá tún fà á yọ, títí ìyá rẹ fi pariwo láti ilé ìdáná pé tí o bá dáná sun ilé yìí, ìwọ àti bàbá tó kọ́ ọ lẹ máa jọ yanjú ẹ̀. O ká a sínú fídíò, o fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n ní kí o tún un ṣe. Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn, àmọ́ kò sí ẹni tí mi ò sọ fún ní páàkì pé ọmọ mi rí ohun tí ojú gbogbo ayé fò dá.

Nígbà tí o gbé àtúnṣe náà lọ, mo ní kí Benson máa ṣí ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ fún mi láràárọ̀, kó máa túmọ̀ rẹ̀. Mo rí orúkọ rẹ láàárín orúkọ àwọn tí ẹnu mi ò lè pè. Orí mi wú. Àmọ́ ará Finland kan wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ló ń sọ ohun tó máa wọlé àti èyí tí kò ní wọlé. Ó ní ibi tí o fi àtúnṣe náà sí kọ́ ló yẹ kó wà. O tún un ṣe. Ó ní ó máa jẹ́ kí áàpù náà falẹ̀ fún àwọn tí ìwé wọn gùn. O tún un ṣe. Ó ní ó ṣì ku nǹkan. Lójú gbogbo ayé, kò kí ọ, kò bèèrè àlàáfíà rẹ. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ní irú èèyàn wo ló ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí láàárín ọjà báyìí? Benson ní, ‘Alhaji, na so dem dey talk for there. No be quarrel.’ Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé, ẹni tí kò tíì bímọ kò lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbèjà ọmọ.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo jókòó ti Benson, mo ní kó máa sọ ọ̀rọ̀ mi di òyìnbó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ tí o fi ń wọlé síbẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ọjọ́ tí o wá dán iṣẹ́ rẹ wò níbẹ̀, orúkọ yẹn náà la sì fi kọ ọ́. Benson dá ọwọ́ dúró, ó ní ká kọ́kọ́ pè ọ́. Mo ní ṣé wọ́n máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n tó bá a bẹ̀bẹ̀ ni. Ohun tí mo ní kó kọ nìyí: ‘Èmi ni Alhaji Bàdírù, onítírélà, ní Àpápá. Mo kí ọ àti ìdílé rẹ. Ọmọ mi ni Ummusalamah tí ò ń bá wí yìí. Ohunkóhun tó bá fi ṣẹ̀ ọ́, fi jì í nítorí tèmi, kí o gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Fi àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́. Mo mọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, màá fi páálí ẹja gbígbẹ kan ránṣẹ́ sí ọ láti Marine Beach. Tí o bá ti gbà á wọlé, ìkejì á tẹ̀lé e.’ Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lọ tán, mo na apá mi, mo ní iṣẹ́ ti parí.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, èsì ti kún ibẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹja ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan bèèrè bóyá ìyàwó òun náà lè rí páálí kan gbà. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti obìnrin kan tó fara balẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn tó ń lo áàpù yìí pọ̀, àtúnṣe tí wọ́n fi ẹ̀bùn tì wọlé, ta ló mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀? Ó ní irú ọ̀nà tí àwọn olè orí ẹ̀rọ máa ń gbà nìyẹn. Ẹlòmíì ní ṣé bàbá yìí tilẹ̀ wà, àbí ìwọ lo sọ ara rẹ di bàbá ara rẹ. Ni ará Finland náà bá ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Benson túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò wo ojú mi.

O wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, o ò bọ́ bàtà. O ò pariwo. Ì bá sàn kí o pariwo. O ní, ‘Bàbá, ní gbogbo Àpápá yìí, ọmọ Alhaji ni wọ́n ń pè mí. Ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Iṣẹ́ mi nìkan ni wọ́n mọ̀.’ Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ nígbà yẹn kò gùn. Dípò rẹ̀, mo ní ṣé kí n wá máa tọrọ àforíjì pé mo bí ọ ni. Mo ní láìsí orúkọ mi, ta ni ì bá ra kọ̀ǹpútà fún ọ. Ummu, mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi, ó ń dún bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ ọ́ sí mi. O wọ yàrá, o kọ ọ́ fún wọn pé o fa iṣẹ́ rẹ padà. Nígbà tó fi máa di Àbámẹ́ta, o ti wà lọ́nà Òṣogbo.

Tẹjúmọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ló wá kó àwọn aṣọ tí o ní kó bá ọ fi ránṣẹ́. Mo fún un ní ohun mímu, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, ‘Alhaji, ẹ má bínú o. Ẹni tí wọn ò bá bá wí níbẹ̀, wọn ò ka iṣẹ́ ẹ̀ ni.’ Ó ní nínú ọ̀rọ̀ tí ará Finland yẹn kọ kẹ́yìn kí n tó dá sí i, ohun kékeré méjì péré ló ní ó kù kó gbà á wọlé. Ó ní wọ́n ti ń gbèrò láti fún ìwọ náà ní kọ́kọ́rọ́, kí o di ọ̀kan lára àwọn tó ń gba iṣẹ́ ẹlòmíì wọlé. Benson ì bá túmọ̀ ìyẹn náà fún mi, ká ní mi ò ti ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Nígbà tó lọ, mo kọjá sí páàkì. Dérébà kan fẹ́ gbé ẹrù jáde. Mo mú ọ̀pá irin, mo ń fi lu táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń pariwo lójú gbogbo èèyàn pé èyí ti jẹ, èyí ò kún, ta ló de nọ́ọ̀tì yìí. Dérébà ń dáhùn pé, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji,’ ó ń tún un ṣe. Bàbá rẹ̀ kò wá bẹ̀ mí. Ká ní ó wá, kó ní kí n jẹ́ kí tírélà náà máa lọ nítorí tòun, kó sì nawọ́ nǹkan sí mi, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ pé ẹ jẹ́ ká tú táyà yìí wò. Ọ̀pá náà wúwo lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ni ará Finland yẹn ń ṣe, èmi tí mo ní kò sẹ́ni tó mọ Wharf Road tó mi, mi ò dá a mọ̀.

Ẹ̀dà tuntun áàpù náà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí Benson ka gbogbo ohun tí wọ́n tún ṣe nínú rẹ̀ fún mi. Ó kà á tán, mo ní kó tún un kà. Tìrẹ ò sí níbẹ̀. Níbikíbi tí iná ti ń ṣẹ́jú bíi tiwa, iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣì ń pòórá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà, ó ti tún un ṣe, àmọ́ bàbá kan ní Ajégúnlẹ̀ fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òun.

Lánàá, ará Finland náà tún kọ̀wé síbẹ̀. Ó ní òun ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Ó ní ẹlòmíì lè parí ohun méjì tó kù, ṣùgbọ́n kò wu òun kó jẹ́ ẹlòmíì, òun máa dúró títí oṣù yìí á fi parí. Ó wá bèèrè pé, ‘Ṣé ẹni tó ṣe é ṣì wà níbí? Ǹjẹ́ ó mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn?’ Ìka Benson ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Mo mọ ohun tí mo lè sọ, o sì mọ̀ pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní kó pa á. Mo ní kó yọ orúkọ rẹ kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo rí tí mi ò kàn nìyẹn.

Ìwọ ló bi. Mi ò ní kí o dáhùn, mi ò sì ní kí o má dáhùn. Mo kàn ní kí n jẹ́ kí o mọ̀ pé wọ́n ń bèèrè rẹ. Ní ti èmi àti ìwọ, wọn ò tíì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ àforíjì kí n tó kúrò nílé ìwé, nítorí náà bó ṣe wá sí mi lọ́wọ́ ni màá kọ ọ́: mo ṣẹ̀ ọ́, Ummu. Ó dùn mí.

Kí Ọlọ́run tó fún ọ ní ojú tó ríran máa ṣọ́ ojú náà fún ọ. Kí ohun tí o bá fọwọ́ kàn máa tò, kí ọwọ́ àwa tí a fẹ́ràn rẹ má sì bà á jẹ́ mọ́. Kó mú ọ padà wá bá wa ní ayọ̀, lọ́jọ́ tó bá wu ọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàdírù.

Ó ku ẹyọ kan: má gbé lẹ́tà yìí síta lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kì í fi nǹkan pamọ́, àwọn tó ń pè mí ní ‘sà’ sì lè rí i kà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n máa rí kí wọ́n tó gbà pé o ò rán mi, túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, kí o gbé e síta bó ṣe wà. Má yọ orúkọ mi.