Ìjì Náà Ti Lọ, Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti ń rí oorun sùn báyìí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí ìjì ká páànù wa lọ, tó ká ti Bàbá Kékeré, àbúrò yín, lọ pẹ̀lú? Kò pẹ́ tí òun kan tirẹ̀ padà, tó ń fi ìjì ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin náà kan tiwa, ṣùgbọ́n ìjì yẹn ò kúrò lára yín. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, ẹ ó gbójú sókè, oúnjẹ á sì tutù níwájú yín. Nígbà tó yá, ẹ ò lọ oko mọ́, ẹ kọjú sí ògiri. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìgbàgbọ́ yín ló kéré. Bàbá Kékeré ní, “Ẹ̀gbọ́n, páànù ló lọ o, kì í ṣe orí yín!” Ẹ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo rí i.

Lẹ́yìn tí ẹ ti kú, ọ̀kadà gbé èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣubú lọ́nà Igbótako. Awọ lásán ló bó lára wa. Ọ̀rẹ́ mi padà sọ́jà kí ọgbẹ́ rẹ̀ tó jinná. Èmi ò lè sùn, mi ò lè jẹun mọ́, àyà mi ń já, mò ń sunkún láìnídìí. Màmá wò mí, ó sì mọ ibi tí òun ti rí irú rẹ̀ rí. Ó mú mi lọ sí ọsibítù l'Òkìtìpupa.

Dókítà ní bí ẹ̀rù bá bani, ara máa ń da nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti ta wá jí. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ara dá a dúró. Ara àwọn kan kì í tètè dá a dúró. A lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí, àìsàn ìbànújẹ́ a sì máa rí irú wọn mú. Kò búra pé tiwa nìyẹn, kò sì sọ pé ìyẹn nìkan ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tọ́jú. Oògùn tí mò ń lò ti ń ṣiṣẹ́.

Bàbá, ara mi fúyẹ́ níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣe àìnígbàgbọ́? Ta ni ì bá sọ fún yín?

Mo sọ ohun tí dókítà wí fún Bàbá Kékeré. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé òòlù wá, ó gun òkè ilé wa, ó kan gbogbo páànù tó ń mì.

Lánàá, atẹ́gùn fẹ́ bí mo ṣe ń ha ibi tí iná jó dúdú lára púpurú ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ rò jẹ. Mo gbójú sókè bíi tiyín. Lẹ́yìn náà mo ro tèmi, mo sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Ọmọ yín obìnrin, tó jọ yín, tí inú rẹ̀ sì dùn pé òun jọ yín.