Ọ̀yà Tí Màmá Fẹ́ Fi Se Ọbẹ̀

Ẹdẹ,
Oṣù Kọkànlá, 1984.

Ọláyẹmí àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ, mo kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Kàdúná. Àlàáfíà la wà. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọkọ mi tí ìjọba sójà dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ti di àgbẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀yà kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ wọn ta.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Oògùn ọ̀yà tí o fi rán dírẹ́bà dé, ọkọ mi sì fọ́n ọn sétí oko. Mo ní kí wọ́n dẹ pàkúté. Wọ́n ní pàkúté kò yá, ọta ìbọn sì ti wọ́n ju ẹran lọ. Oògùn ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo tọjà dé, Màmá ni mo bá nídìí iná, tí wọ́n ń wi irun ọ̀yà tí wọ́n rí he lọ́nà oko. Mo já a gbà, mo sin ín, mo da ìyókù oògùn sí ṣáláńgá.

Má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. Lásìkò tébi ń pa ìlú yìí, ta ló máa rí ẹran nílẹ̀ tí kò ní gbé e? Wáyà pàkúté ni kí o rà fún wa. Èyí tó bá mú, a ó jẹ, a ó sì tà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. N kò tíì sọ ohun tó pa ọ̀yà náà fún Màmá, wọ́n ṣì ń bínú sí mi. Wọ́n ní ká ní ìwọ lo wà nílé ni, o kò ní já ẹran gbà lẹ́nu àwọn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fèyísọ́lá