Agogo Dún Nínú Ìdánwò Mi

                                        Ìbà Housing Estate,
                                        Òjó, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń ro wọ́n ti sàn? Peace àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá gbogbo ilé jà nítorí ẹran? Ara tiwa le, a dúpẹ́.

O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, bóyá kí o fi yunifásítì sílẹ̀, kí o lọ gba sátífíkéètì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ń fúnni. Gbọ́ ohun tójú mi rí ná.

O kúkú mọ bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Lójú tiwọn, ẹni tí kò ní dìgírì kò tíì làjú. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kúrò ní yunifásítì, wọ́n bi mí bóyá aráyé ló ń ṣe mí. A fà á títí a fi ṣàdéhùn: bí mo bá yege ìdánwò sátífíkéètì yẹn, kí n máa lọ. Bí mo bá fìdí rẹmi, n ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ nínú ilé wọn mọ́.

Inú yàrá ẹni lèèyàn ti ń ṣe ìdánwò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó kan á máa fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wọlé. Mo wá bẹ màmá mi pé kí wọ́n gbàdúrà fún mi. Yéè! N ò rántí sọ pé kí wọ́n gbà á láti òkèèrè.

Mo ti dé àárín ìdánwò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Màmá mi àti Ìyá Wòlíì ìjọ wọn ló wọlé nínú sùtánà funfun, àbẹ́là lọ́wọ́, agogo ń dún gbàn-ìn gbàn-ìn. Òyìnbó sọ̀rọ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, ó ní ta nìyẹn. Ìyá Wòlíì fò sókè, wọ́n ní, “Ẹ̀mí àjèjì, jáde!” Òyìnbó sì jáde lóòótọ́, ó gbé ìdánwò mi lọ.

Mo sunkún bí ọmọdé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, àfìgbà tí wọ́n rí omijé lójú mi. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ní, “Ìwọ kọ́ lo fìdí rẹmi, ilé wa ni. Tún un ṣe.”

Lọ́jọ́ tí mo tún un ṣe, Bàbá fúnra wọn ló gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú pàṣán ìgbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Wọ́n lé Ìyá Wòlíì, wọ́n lé adìẹ aládùúgbò, wọ́n ní kí màmá mi má tiẹ̀ húkọ́. Ìṣẹ́gun, mo yege!

Bàbá ní àdéhùn ni àdéhùn, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní n ò lọ mọ́. Òótọ́ kúkú ni, ìbéèrè tó le jù níbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì ni mo fi dáhùn ẹ̀. Yunifásítì ló ń sọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀, sátífíkéètì ń kọ́ni bí a ṣe ń tún un ṣe. Ọ̀tún ló ń wẹ òsì; Ìṣẹ́gun, jọ̀ọ́, má fi ilé-ìwé sílẹ̀. Bàbá dì mọ́ mi tòun ti pàṣán lọ́wọ́. Màmá ní agogo ọjọ́ yẹn ló ṣiṣẹ́.

Ìdánwò yunifásítì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bá mi kí Peace. Sọ fún màmá yín pé kí wọ́n rántí mi nínú àdúrà, ṣùgbọ́n kí wọ́n dákun jókòó sí Abẹ́òkúta yín lọ́hùn-ún gbà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí agogo fẹ́ pa,
Fọlárìn.