Ṣọ́ọ̀bù Tí Wọ́n Ti Ń Wo Oníbàárà Láìkí I

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara, ṣé o ń jẹun dáadáa, ṣé òrùlé ilé tí o ń gbé kò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá ní àlàáfíà ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ ṣọ́ ọ bọ̀, àwọn tí o ń bá ṣiṣẹ́ kò ní di ọ̀tá rẹ, orí rẹ kò ní gbàgbé ohun tí o kọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣe àdúrà yìí kí ìbínú má baà mú mi gbàgbé rẹ̀, nítorí inú ń bí mi o, inú ń bí mi gan-an, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí lo máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ara wa le, àfi ẹ̀yìn ìyá rẹ tó ń dà á láàmú. Fóòmù tí a ń sùn lé ti pẹlẹbẹ bí ìwé, igi bẹ́ẹ̀dì ló ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá jí láàárọ̀ á kọ́kọ́ di ògiri mú kó tó lè nàró. Nọ́ọ̀sì ní kò sí oògùn kankan níbẹ̀, ká lọ pààrọ̀ fóòmù. Mo ní kò burú, ṣebí ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo nǹkan lórí fóònù, kí ló dé tí màá fi gbé owó mi fún ẹlòmíràn? Mi ò sọ fún ọ nítorí mo fẹ́ kí ọ̀gá yín kàn ṣàdédé rí i pé bàbá rẹ náà ń bá wọn rajà, kó lè buyì fún ọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù yín nìyẹn. Láràárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá wọ gíláàsì mi, màá wọlé sí tiyín. Ẹnikẹ́ni ò kí mi káàbọ̀. Mo rí àwòrán fóòmù kan tó wù mí, mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn tóbi sí i ni, bí ẹni pé mo ní mi ò ríran. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kéré padà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn èèyàn míì ń wo fóòmù yìí lọ́wọ́, mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan àfi ìyá rẹ tó ń gbálẹ̀, mo bá ní kó rọra, pé a ò dá wà níbẹ̀, kí wọ́n má lọ gbé e mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ní fóòmù ti wọ inú apẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní irú apẹ̀rẹ̀ wo nìyẹn. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ará ìlú ńlá mọ bí wọ́n ṣe ń ká a.

Kò pẹ́ ni wọ́n ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi! Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ̀gá yín! Mo ní ẹ̀rọ, lóòótọ́, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n tọ́ka sí gbogbo àwòrán tí kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo tọ́ka sí wọn. Mo tún tọ́ka sí ọkùnrin kan tó jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ní mo ṣì í, kí n tún un ṣe.

Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ibi àdírẹ́sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ilé mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ilé wa ò ní nọ́ńbà, kò sí ilé tó ní nọ́ńbà ládùúgbò wa, ta ni kò mọ ilé ẹnìkejì rẹ̀? Mo fi sùúrù kọ ọ́ fún wọn pé ilé wa ò ní nọ́ńbà, tí ẹ bá ti kọjá táǹkì omi ńlá, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ máa rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan, ẹ bèèrè aránṣọ, tí mi ò bá sí nílé ẹ lọ bá onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, á júwe ibi tí mo wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà pupa yọ sí mi, wọ́n ní nọ́ńbà làwọn ń bèèrè, gbogbo ohun tí mo kọ sì pòórá, títí kan orúkọ mi. Mo tún un kọ, ó tún pòórá. Mo kọ òdo, wọ́n kọ̀. Mo wá ń tẹ ibi tí wọ́n ní kí n gbà kọjá ṣáá, títí àsìkò iṣẹ́ mi fi tó. Lọ́jọ́ kejì mo tún padà wá. Mi ò bá wọn jà, mo rò pé onítọ̀hún tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn ṣì ń sùn ni.

Àfi bí o ṣe pe ìyá rẹ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mò ń lọ ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́ nínú pálọ̀, ìyá rẹ sì ti jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta, èmi náà ń gbọ́ ọ. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́. O ní àwọn èèyàn ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n á kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀, tó bá wá ku kí wọ́n sanwó, wọ́n á fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ, ọ̀gá yín sì ti ní kí o wá ohun tó ń lé wọn jáde kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí o lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ọkàn mi bàjẹ́, mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. O wá ní ohun tí o ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni pé kí o máa wo ibi tí ọwọ́ wọn ń tẹ̀, ibi tí wọ́n dúró sí, ibi tí wọ́n ti yí padà, pé nǹkan kan wà tó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bíi fíìmù, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́, ohun tó bá sì kọ, àmì dúdú kéékèèké nìkan lẹ máa ń rí.

Ibẹ̀ lo ti bú sẹ́rìn-ín. O ní ẹnì kan wà tó máa ń wá láràárọ̀, fóòmù ni tiẹ̀, kò rà á, kò lọ, á kọ àmì dúdú lọ rẹrẹẹrẹ níbi tí wọ́n ti ní kó kọ nọ́ńbà, á wá máa tẹ ojú kan náà bí ẹni tí ajá ń lé bọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun. O ní Akanlẹ̀kùn lẹ ń pè é ní ọ́fíìsì, tó bá ti dé báyìí lẹ máa ń pe ara yín wá wò ó. Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Èmi ló ń wò.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní èmi ni Akanlẹ̀kùn! O ní Bàbá mi, kí lẹ wí? Mo ní èmi tí mo bí ọ ni Akanlẹ̀kùn, èmi lẹ ń pe ara yín wá wò. Mo rò pé wàá tọrọ àforíjì. Ohùn rẹ kàn yí padà ni, o ní Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síbẹ̀? Mo sọ gbogbo rẹ̀, táǹkì omi, ilẹ̀kùn, onígbàjámọ̀. O pariwo, etí dùn mí. O ní ó tán, nọ́ńbà ilé ni, àwọn tí ilé wọn ò ní nọ́ńbà ló ń sá lọ, bí ohun tí wọ́n kọ ṣe ń pòórá ló sì ń tán wọn ní sùúrù. Lo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Mi ò fẹ́ ọpẹ́. Ohun tí mo bi ọ́ nígbà yẹn, o ò tíì dá mi lóhùn títí dòní: tí ẹ bá ń rí mi láràárọ̀ pé mo dúró tí mò ń kanlẹ̀kùn, kí ló dé tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó yọjú kó ní ẹ káàárọ̀ sà, kí lẹ fẹ́? Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, tí èèyàn bá fọwọ́ kan aṣọ tó sì yí padà, mo máa ń sáré tẹ̀ lé e dé títì. Ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ ń fi mí ṣe fíìmù. Ìyá rẹ ò tiẹ̀ gbà kí fóònù náà wọ yàrá mọ́ láìda aṣọ bò ó.

Nígbà tó yá, o ránṣẹ́ pé ẹ ti tún un ṣe, pé inú ọ̀gá yín ń dùn, kí n wọlé. Nítorí mo ti wá mọ̀ pé ẹ ń wò mí, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo dé fìlà, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ lọ fá irùngbọ̀n. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò bèèrè nọ́ńbà mọ́, wọ́n gba táǹkì omi tọwọ́tẹsẹ̀. Ó wá ku ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ kí n fi rà á. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò wí nǹkan kan. Kò ní mo gbọ́, kò ní dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo mójú kúrò díẹ̀, mo wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, kí ẹ má baà tún fún mi lórúkọ míì. Ìgbà náà ni ọpẹ́ tó dé, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Fóòmù mẹ́ta ló dé, ọmọ mi. Mẹ́ta! Ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di pé èèyàn ò lè wọlé èèyàn ò lè jáde. Mo sọ fún awakọ̀ pé ẹyọ kan ni mo rà. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ rà á. Mo ní mi ò rà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ni, torí kò dá mi lóhùn. Ó ní Bàbá, iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé e dé kí n sì gbowó, èyí tí ẹ ò bá fẹ́ màá gbé e padà. Ibi tí a ti ń fà á ni onígbàjámọ̀ ti jókòó lé ọ̀kan, ó fò sókè díẹ̀, ó tún jókòó, ó ní òun ò dìde mọ́, òun á sanwó. A gbé ìkejì wọ yàrá. Mo wá ní kí awakọ̀ máa gbé ìkẹta lọ, àfi bí ìyá rẹ ṣe lọ dúró síwájú ọkọ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé e. Owó tí mo tọ́jú láti fi ra mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló lọ kó, ó kà á fún un lójú mi.

Mo bínú títí, mo ní àwa méjèèjì péré, kí la fẹ́ fi fóòmù méjì ṣe? Ó ní tìrẹ ni. Ó ní ìgbà tí o wá gbẹ̀yìn, tí o ní iṣẹ́ ń pè ọ́ tí o sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun jí ní kùtùkùtù, òun dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, òun rí ọ lórí àga tí o sùn lé, tí ò ń wọ́ ọrùn rẹ. Bí o ṣe rí òun lo dìde tí o ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ló lé ọ lọ. Èmi rò pé iṣẹ́ ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí lòun ì bá sọ, nígbà tí kò sí ohun tí òun fẹ́ tẹ́ fún ọ?

Nítorí náà, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ẹsẹ̀ ni mo ṣì fi ń tẹ ẹ̀rọ, orúnkún ń ro mí, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún dátà, torí ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo dátà mi parí sí. Sọ fún ọ̀gá yín pé ibi tí wọ́n ti ń rà á yẹn, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kó dáhùn. Ìyá rẹ ti ń sùn títí oòrùn fi ń wọ yàrá, kò di ògiri mú mọ́. Fóòmù tìrẹ wà ní yàrá tí ẹ máa ń sùn sí nígbà tí ẹ wà ní kékeré, mo ti rán aṣọ tí a tẹ́ sórí rẹ̀, bulúù, mo ṣẹ́tí rẹ̀ dáadáa. Inú ṣì ń bí mi o. Ọlọ́run á mú ọ wálé láyọ̀, o ò ní rí ìjà lọ́nà, ibi tí o bá fẹ̀yìn lé kò ní gún ọ. Tí o bá dé, má sọ fún wa pé ilẹ̀ ń mọ́ lo ń lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.