Fọ́tò Orí Mi, àti Ìdí Tí N Kò Fi Kí Ọ Nígbà Iléyá

Àtàn-Ọ̀tà,
Ọjọ́ Ajé.

Ìyádùnní, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mo kí ọ kú Èkó. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ará ilé rẹ tí n kò mọ̀. Bí o bá rí i pé ìkíni yìí pọ̀ jù, jọ̀wọ́ gbà á bẹ́ẹ̀, èyí tí n kò kí ọ nígbà Iléyá wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú rẹ ríbi, kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé bàbá rẹ dí mọ́ ọ. Àmín.

Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ funfun bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Ilẹ̀ tí a tà, èyí tí o bá mi jà lé lórí, wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n sì máa ń kọrin ìsìn níbẹ̀ ní ìdájí. Lèmọ́ọ̀mù wa ní kò burú, wọ́n ń bá òun jí àwọn ọ̀lẹ.

Oṣù méje rèé tí mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, yóò ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo máa ń kí i dáadáa, mo máa ń bi í léèrè ara, mo máa ń ní kó sọ fún ọ pé bàbá rẹ pè. Kò jọ pé ó ń jíṣẹ́, ìdí nìyí tí mo fi mú báírò.

Ọjọ́ Iléyá yẹn, ìyá rẹ kò sí nílé. Mo rí i tí obìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń mì, ṣùgbọ́n tírélà sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ló ń kọjá lọ́nà Ìdíròkò, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó múra dáadáa, mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá ilẹ̀ rà ni. Mo ní kó dìde, mo ní ilẹ̀ ti tán, a ti tà á. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ tó pàdé rẹ lójú ọ̀nà ló wá sọ fún mi pé ìwọ ni. Mo mọ̀ pé o rò pé mo ń fi ọ́ ṣẹ̀sín nítorí ìjà ilẹ̀. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n kò lè jẹ ẹran Iléyá. N kò mọ̀ ọ́ ni.

Láti ìgbà tí mo ti ṣubú lórí ọ̀kadà ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń rí imú, mo ń rí ojú, mo ń rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò kóra jọ di ènìyàn kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá lára Bàbá Àlàrí, olórí ẹbí wa, tí n kò dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní owó ilẹ̀ ti ń gun èmi Àjàlá. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú l'Ọ́tà, ó ní ojú mi dára débi pé mo lè rí èèrà lára ògiri. Ìyá rẹ náà wá ń wò mí bí ẹni tó ń díbọ́n.

Dókítà Olúkẹ́mi, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ ìyá rẹ. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní ojú kàn ń ru ẹrù wá ni, orí ló ń tú u. Ó ní òun ní ẹ̀rọ kan tó ń ya fọ́tò inú orí bó ṣe ń wo nǹkan. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n bi mí bóyá mo ní irin. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, àdá mẹ́ta, ọkọ́ méjì àti kẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ní irin ara ni àwọn ń bèèrè. Wọ́n gba fìlà mi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ fọ́tò ni wọ́n fẹ́ yà.

Ẹ̀rọ náà ń pariwo bí àwọn tó ń lu ara mọ́tò ní Sango. Mo dùbúlẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ń fi iṣu, ilé, ewúrẹ́ àti ojú ènìyàn hàn mí, wọ́n ní tí mo bá mọ ojú kan, kí n tẹ bọ́tìnnì. Ojú àkọ́kọ́, bàbá onírùngbọ̀n funfun ni. Mo yíra padà láti dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì forí gbá ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀, gbogbo ojú tó bá yọ ni mò ń tẹ bọ́tìnnì fún, tí mo sì ń kí, nítorí èébú tí mo ti jẹ ládùúgbò tó gẹ́ẹ́, n kò fẹ́ kó dé yunifásítì. Dókítà ní ọgọ́ta ènìyàn ni mo ní mo mọ̀, àti pé ìdajì wọn jẹ́ òyìnbó tí kò dé Àtàn rí.

Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Dókítà kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé lọ́jọ́ náà nìkan, kí n má ṣe kí ẹnikẹ́ni. Ìyádùnní, iṣẹ́ kankan kò nira fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pa ẹnu mọ́, mo jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò tẹ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò náà wá, ọpọlọ mi rí bí awùsá tí a là. Dókítà ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti sáré lọ ni ẹ̀rọ máa ń kùn ní pupa. Nígbà tí mo rí iṣu, ó pọ́n. Nígbà tí mo rí ewúrẹ́, ó pọ́n. Ṣùgbọ́n lábẹ́ lápá ọ̀tún, níbi tí orí ti ń to ojú ènìyàn pọ̀, kò pọ́n rárá, ibẹ̀ ló fara pa. Mo bi í bóyá a lè fi ọ̀dà pupa díẹ̀ kùn ún. Ó ní kò ṣeé ṣe.

Mo mú fọ́tò náà lọ bá Bàbá Àlàrí. Ó wò ó títí, ó bèèrè imú mi, kò rí i, ó sì dárí jì mí. Ní báyìí, bó bá ń bọ̀, yóò kígbe pé òun Àlàrí ló ń kọjá o, èmi náà yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ku ohun kan. Ìyá rẹ ti yọ́ mú fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ fún Dókítà, ó sì fi í sáàárín àwọn àjèjì nígbà tí mo padà lọ. N kò tẹ bọ́tìnnì fún ọ. Mo wò ọ́, mo ní ọmọ ẹlòmíràn nìyí. Ṣùgbọ́n Dókítà sọ pé ní gbogbo ìgbà tí ojú rẹ bá ti yọ, ibòmíràn nínú orí mi lọ́hùn-ún ń pọ́n, kò sì pọ́n bẹ́ẹ̀ fún àjèjì kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un wò. Ó ní òun kò lè búra, pé ìwádìí ṣì kù. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi yóò búra.

Bátìrì rédíò mi ti kú, bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ìwọ gan-an ni kó wá, má dúró de Iléyá. Bí o bá dé, jẹ́ kí tírélà kọjá tán kí o tó kúnlẹ̀, kí o wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ kò ṣì mí lọ́nà rí. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àwọn ọmọ rẹ yóò mọ̀ ọ́ títí ọjọ́ ogbó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàlá.

Mo tún rántí: fọ́tò náà wà nínú àpò ìwé yìí. Má jẹ́ kí omi kàn án. Ibi pupa kékeré tí mo fi báírò yí ká, ìwọ nìyẹn.