Gẹ̀ẹ́sì Tí Múyìwá Fi Tọrọ Ìyàwó

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé,
                                        Oyigbo,
                                        Ìpínlẹ̀ Rivers.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2009.

Kíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kú àìsùn pẹ̀lú. Ṣé ìkókó ń mu ọmú dáadáa? Ṣé ara ìwọ náà ti ń le? Bàbá Ìkókó ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti dẹwọ́? Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí, àfi òjò tó ń rọ̀ bí ẹni pé a bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. "Wọ́n ti gbà" nìkan lo gbọ́ lórí fóònù kí kírẹ́díìtì mi tó tán. Ó yá, gbé ọmọ lé itan, kí n ròyìn bí Múyìwá àbúrò rẹ ṣe fi ẹ̀kọ́ tí o kọ́ ọ tọrọ ìyàwó.

O rántí pé bàbá Sotonye, ọmọ tí Múyìwá fẹ́ fẹ́, ti ní àwọn ò ní fi ọmọ fún ará ọ̀nà jíjìn mọ́. Ará Kaduna ni wọ́n fi ọmọ wọn àgbà fún, ọdún a sì máa yípo kí wọ́n tó fojú kàn án. Sotonye nìkan ló kù sọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì sì tún ni bàbá náà. Ìdí nìyẹn tí ìwọ tíṣà fi ń kọ́ Múyìwá lórí fóònù pé "give" lè gba àbọ̀ méjì: ẹni tí a ń fún ní nǹkan ni yóò ṣíwájú, nǹkan tí a ń fún un yóò tẹ̀lé e. "Give me your daughter." Ó kà á títí bí ọmọ kéú.

Ní Sátidé, ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yìí, a sì forí lé ilé wọn lẹ́yìn ọjà Creek Road ní Port Harcourt. Bí a ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀, Múyìwá sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n rò pé ó ṣubú ni! Nígbà tó dìde, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́.

Ó ní, "Sir, please, give your daughter me."

Kíkẹ́, ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní, "Àǹtí, mo rò ó pé kò bójú mu kí n fi ara mi ṣíwájú ọmọ ọlọ́mọ lójú bàbá rẹ̀." Ìwọ lo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Màmá ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ti Màmá ló borí o!

Bàbá yọ awò ojú wọn. "In that sentence, who is given, and who receives?"

Òógùn bo àbúrò rẹ. Ó ní, "I am given, sir. Your daughter receives."

Bàbá kọjú sí Sotonye tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Sotonye, na you dem dey give person so. You go take am?"

"Papa, I go take am."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ti wá ṣáájú, "ẹ fún mi" ni wọ́n ń wí. Eléyìí nìkan ló ní kí wọ́n fi òun fún ọmọ àwọn. Wọ́n wá bi Múyìwá bóyá yóò lè dúró sí Port Harcourt níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ṣì wà láyé.

Ìwọ náà mọ̀ pé Ìsẹ́yìn ló ń ro láti padà sí. Ó wá sọ pé òun náà ní ìyá, ìyá òun sì ń dàgbà. Ó ní òun á dúró, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí Sotonye máa bá òun lọ kí ìyá òun lọ́dọọdún. Bàbá na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe gbà.

Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ rẹ ló wà. Ìwọ ni wàá sọ fún Màmá pé Dáwódù wọn ò ní tètè padà wálé. Rọra sọ ọ́, má sì fi gírámà sí i o! Kí o wá fi kún un pé bàbá Sotonye ní yàrá kan wà lókè ilé àwọn tó kọjú sí omi, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa. Wọ́n ní kí Màmá wá, kí wọ́n má sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà.

Bá mi kí Bàbá Ìkókó, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rín ò tíì dá lẹ́nu rẹ̀,
Mùjídátù