Ẹẹ́rin Méjì Lórí Káàdì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Clarence Jabez Treloar ti Wirrabee

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi bí wọ́n ṣe bí Bàbá Clarrie ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Màmá Thelma, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà, tó sì jẹ́ pé òun ló gbé omi kaná. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1941 ni, nínú ilé olókùúta tó wà lẹ́yìn ibi ìwakùsà àtijọ́ ní Wirrabee, ní Gúúsù Australia. Jabez Treloar, awakùsà tó di àgbẹ̀ ọkà báálì, ni bàbá wọn. Olwyn, tó mọ pásítì, àkàrà ìyẹ̀fun tí ẹran wà nínú rẹ̀, ṣe ju gbogbo obìnrin àdúgbò lọ, ni ìyá wọn. Màmá Thelma ní igbe tí ọmọ náà ké jáde dà bí ti ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe sí ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí. Ìdílé kò lè jẹ́rìí sí èyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ Bàbá tí yóò jiyàn rẹ̀.

Láti ọdún 1946 títí di 1955, ilé ẹ̀kọ́ Wirrabee ni Bàbá lọ. Ìṣirò ni wọ́n mọ̀ jù. Nígbà tí ẹ̀yìn bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n fi ìwé sílẹ̀, wọ́n lọ sóko.

Ní ọdún 1959, Bàbá gba iṣẹ́ níbi ìwọ̀n ọkọ̀ ọkà, lẹ́bàá àká ńlá tó wà létí ojú irin. Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbí ló mọ̀ pé ìwọ̀n Bàbá kì í ṣojúsàájú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn, ẹni tó fẹ́ di àna wọn gbé ọkọ̀ báálì dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní gbogbo táyà. Bàbá ní kí ó kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ náà kúrò.

"Clarrie, ọmọ mi lo fẹ́ fẹ́ o!"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í ṣe báálì."

Àna ha ẹrẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Ó sì fún wọn ní ọmọ náà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 1966. Merle Angove ni orúkọ ìyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìjọ wa mọ Bàbá dáadáa. Ogún ọdún ni wọ́n fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹsẹ̀ kan ṣáájú àwọn yòókù. Nígbà tí pásítọ̀ gbé wọn sẹ́yìn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ibẹ̀ ni ohùn ti ń dún jù.

Ní ọdún 1994, àbúrò wọn Keith kú, tó jẹ́ ọkọ èmi Lorna tí ìdílé ní kí n kọ ìwé yìí. Bàbá ló rí i pé mi ò lè ka lẹ́tà tí wọ́n fi bá mi kẹ́dùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Wọ́n mú mi jókòó. Káàdì atọ́nà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ń pín lọ́jọ́ ìdìbò ló pọ̀ jù nínú ilé, nítorí náà lára rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Mo mọ orúkọ àwọn olùdíje tó ti fìdí rẹmi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ "ṣúgà."

Èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ọdún 1972, Bàbá wọ Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe, wọ́n sì di akọ̀wé rẹ̀ ní Wirrabee ní 1980. Ẹgbẹ́ kejì ni Màmá Merle ń dìbò fún láti kékeré. Ní gbogbo ọjọ́ ìdìbò, àwọn méjèèjì á wọ ọkọ̀ kan náà lọ, kálukú á pa ìbò ẹnì kejì rẹ́, wọ́n á jẹ sọ́séèjì alálùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì jọ padà sílé. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́: pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú, kí wọ́n ta àsíá rẹ̀ bo pósí wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ní ìdìbò àpapọ̀ ọdún tó kọjá, Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe gbé ètò owó orí kan jáde. Wọ́n ní àwọn arúgbó tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, tí ìjọba máa ń dá owó orí padà fún lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀ wọn ò san kọ́bọ̀, kò ní rí i gbà mọ́. Màmá Merle wà nínú wọn. Owó yẹn ló fi ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Tasmania. Ẹgbẹ́ ní kí àwọn tó ń polongo láti ilé dé ilé kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá kò mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bá wọn lọ sọ́dọ̀ opó kan lójú pópó Smelter.

Ó ní, "Clarrie, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ fẹ́ gba owó mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀?"

"Rárá o. Mu tíì rẹ kó o máa lọ."

Síbẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Iṣẹ́ Bàbá ni láti kọ káàdì atọ́nà, èyí tí à ń fún àwọn èèyàn wa lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdìbò, kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ sínú àpótí kékeré iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ìdìbò, láti orí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù dé orí ẹni tí wọn ò fẹ́ rárá. Olùdíje mẹ́fà ló wà. Gbogbo wa mọ òfin: gbogbo àpótí ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kò sì gbọdọ̀ sí nọ́ńbà tó wà lẹ́ẹ̀mejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbò bàjẹ́. Bàbá ń kọ nọ́ńbà lórí tábìlì ìdáná, wọ́n ti dé orí ẹẹ́rin, nígbà tí Màmá Merle sọ pé, "Ọkọ mi, bí ẹ bá wọlé, ṣé kẹ̀kẹ́ rẹ ni màá gùn dé Tasmania?"

"Òkun wà láàárín, Merle."

"Mo mọ̀ pé òkun wà láàárín! Ìdí tí mo fi ń bi ọ́ nìyẹn."

Bàbá dáhùn fún ìdajì wákàtí. Nígbà tí wọ́n padà sídìí káàdì, wọ́n tún kọ ẹẹ́rin, wọ́n sì fò lọ sórí ẹẹ́fà.

Káàdì jáde bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò ka ẹgbẹ́ sí pàtàkì ju káàdì nù, wọ́n sì dìbò tó tọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ dé ọkàn tẹ̀ lé e láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èmi náà rí ẹẹ́rin méjì, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí ìwé kò lè ṣì. Mo kọ ẹẹ́rin méjèèjì, mo sì kọ wọ́n dáadáa. Bàbá fúnra wọn tẹ̀ lé káàdì. Nínú ilé wa, ìbò Màmá Merle nìkan ni wọ́n rí kà.

Ìbò mọ́kànlélọ́gọ́ta la fi pàdánù ìjókòó àdúgbò wa nílé aṣòfin. Ìbò tó ní ẹẹ́rin méjì jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹẹ́rin ti di ẹ̀rín ní Wirrabee. Bí Bàbá bá wọ ilé búrẹ́dì láti ra pásítì mẹ́ta, wọ́n á bi wọ́n bóyá ẹẹ́rin ni wọ́n fẹ́, tàbí ẹẹ́rin.

Bàbá Clarrie dolóògbé lójú oorun ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún yìí. Wọ́n fi ìyàwó wọn Merle sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Rosslyn, Graeme àti Heather, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ ọmọ-ọmọ méjì, Màmá Thelma, ẹ̀gbọ́n wọn, èmi Lorna, àti ajá kan tó ń jẹ́ Bọ́jẹ́ẹ̀tì, bí ètò ìnáwó ìjọba, nítorí pé kò yó rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo pósí ti rí i pé kò sí àsíá lórí rẹ̀. A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ẹgbẹ́ lé Bàbá ni. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ìjọ. Kálukú gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ wá bí a ti máa ń ṣe. Glenys Rodda, alága wa, ti tẹ lẹ́tà kan sílẹ̀. Lẹ́tà náà sọ pé Quang, tó ń tẹ̀wé fún wa, ló ṣe àṣìṣe.

Glenys ní, "Bàbá, ẹ kàn fọwọ́ sí i. Quang kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò ní í dùn ún."

"Gbogbo ìlú ló ń tẹ̀wé fún. Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún un?"

"Bàbá, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní Adelaide ń bínú. Orúkọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀, tiyín ni wọ́n máa yọ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ẹ ronú nípa àsíá yín."

Bàbá yọ bébà kan nínú àpò. "Káàdì tí mo fọwọ́ ara mi kọ rèé. Ẹ wo ẹẹ́rin yẹn, ẹẹ́rin mi máa ń ní ìrù. Ó tún kù. Quang pè mí lórí fóònù kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Ọ̀gbẹ́ni Treloar, ẹẹ́rin méjì ni mo rí o.' Mo ní kó tẹ ohun tí mo kọ, kó má wá kọ́ mi ní ìṣirò."

Gbogbo gbọ̀ngàn kérora. Ẹnì kan ní, "Clarrie, kí ló dé tó o sọ ìyẹn? Kò sẹ́ni tó bi ọ́!"

Bàbá mú gègé. Ìwé ìpàdé wà níwájú wọn, torí pé àwọn ni akọ̀wé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń kà á jáde bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: "Akọ̀wé dábàá pé kí á yọ orúkọ akọ̀wé kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́." Wọ́n gbé ojú sókè. "Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Bàbá ń wò wá, gègé wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló kọ́ mi pé àbá tí kò bá ní alátìlẹ́yìn kì í ṣe àbá. Mo na ọwọ́ mi sókè.

Wọ́n ní, "O ṣeun, Lorna," wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi síbẹ̀ fúnra mi, wọ́n sì ń wò ó kí n má baà ṣì í. Wọ́n pa ìwé dé. Wọ́n dé fìlà. Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé Quang.

Glenys sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ké pé, "Bàbá Clarrie! Ẹ gbàgbé àwo yín!"

Bàbá, àwo náà ti dé ilé, a ti fọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ Wirrabee rọ̀ yín lọ́rùn, kí ìwọ̀n ọ̀run náà má ṣe ojúsàájú. Ẹ máa lọ bí ẹ ṣe lọ lọ́jọ́ náà, lábẹ́ àwọn igi gọ́ọ̀mù, ọwọ́ lápò, láìwẹ̀yìn.